Pẹpẹ Ayíbírí Inú Ilé Ìdáná: Ọ̀lẹ Kọ́, Àìtọ́jú Ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ní ni à ń náání, ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti aṣẹ́gità nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó ní ilé ìdáná, ó sì kan àwọn èèyàn wa tí ń gbé ní ìdálẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé ohun tí ó bá bàjẹ́ nínú ilé tí a kò kà sí ilé ẹni, ojú lásán ni a sábà máa fi ń wò ó títí yóò fi kọjá àtúnṣe.

Ọ̀kan nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ ni pẹpẹ ayíbírí tí a ń rí ní igun ilé ìdáná nínú àwọn ilé kan tí a kọ́ ní ọjọ́ pípẹ́ sẹ́yìn, tí a sì tún ń rí nínú àwọn kọ́bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ tí ń ti òkè òkun wá. Níbi tí ìlà kọ́bọ́ọ̀dù méjì bá ti pàdé ní igun, ihò jíjìn kan máa ń wà níbẹ̀ tí ọwọ́ kì í dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí a bá tì síbẹ̀, ó di ohun ìgbàgbé. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ri òpó irin kan mọ́ àárín ihò náà, tí wọ́n sì gbé pẹpẹ roboto méjì kọ́ ọ lára. Bí a bá fi ìka kan tì í, yóò yí bírí, ohun tí ó wà lẹ́yìn yóò sì bọ́ síwájú. Ọgbọ́n rere ni, ṣùgbọ́n irin a máa jẹ, igi a máa gbẹ, sùkúrù a sì máa tú. Nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, àwọn kan a kàn ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa títí láé.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Kì í ṣe òní ni ọmọ ènìyàn ti ń wá ohun tí yóò máa gbé ẹrù wá bá a ní ìjókòó. Ní ọdún 1313, ọ̀mọ̀wé ará Ṣáínà kan tí ń jẹ́ Wang Zhen kọ ìwé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì ṣàlàyé nínú rẹ̀ nípa tábìlì ńlá kan tí ń yí, èyí tí a to lẹ́tà onígi sí lórí, kí ẹni tí ń to ọ̀rọ̀ fún ìwé títẹ̀ lè wà lójú kan kí ó sì máa yí lẹ́tà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Thomas Jefferson, ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà láti ọdún 1801 sí 1809, ní ilẹ̀kùn kan ní yàrá ìjẹun ilé rẹ̀ ní Monticello tí ń yí lórí òpó, tí a sì kan pẹpẹ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ẹrú a gbé oúnjẹ lé pẹpẹ náà láti òdì kejì, wọn a yí ilẹ̀kùn, oúnjẹ a sì yọ sí àwọn àlejò láìjẹ́ pé àlejò rí ojú ẹni tí ó gbé e wá.

Nígbà tí ó pẹ́, àwọn ará Amẹ́ríkà fi orúkọ obìnrin pe irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Lazy Susan, èyí tí í ṣe Sùsánà Ọ̀lẹ. Orúkọ náà wà nínú ìpolówó ọjà kan tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn Vanity Fair ní ọdún 1917. Bí a bá ro ó dáadáa, ẹ̀gàn ni. Ohun tí ń ru ìkòkò, ìgò epo àti agolo iyọ̀ tọ̀sán-tòru, tí ẹnikẹ́ni bá tì í, tí í sì dìde, a ha lè pe irú rẹ̀ ní ọ̀lẹ? Bí kò bá yí mọ́, àfàìmọ̀ kí ọ̀lẹ náà má jẹ́ ẹni tí ó ni ín.

“A KÒ NÍ Í PẸ́ RELÉ MỌ́”

Bí ó ti sábà máa ń rí nìyí. Ọkùnrin òṣìṣẹ́ kan dé Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì ní ìgbà ọ̀dọ́. Ó rí ilé, ìyàwó rẹ̀ sì wá bá a níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan pẹpẹ igun rẹlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù bí ìgbà tí a ń fi ìkarahun ha ìdí ìkòkò. Ìyàwó ní, “Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá káfíńtà.” Ọkọ dáhùn pé, “Ìyá àwọn ọmọ, fi í sílẹ̀ ná. Ilé ẹni ha nìyí? A kò ní í pẹ́ relé mọ́.”

Ọdún méjì di mẹ́wàá, mẹ́wàá di ogún. Àwọn ọmọ tí a bí sí ilé náà ti dàgbà, bí a bá sì bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń ro àmàlà, ilé ìdáná yẹn ni wọn yóò dárúkọ. Owó tí ì bá tún pẹpẹ ṣe ti bá símẹ́ńtì àti páànù lọ sí ilé tí a kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí sí Ọ̀fà, ilé tí àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti Iléyá kan dé òmíràn. Ìyá àwọn ọmọ tí ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún ní láti kúnlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó tan tọ́ọ̀ṣì, kí ó na ọwọ́ títí dé èjìká kí ó tó lè mú agolo kan jáde. Èlùbọ́ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ó wà níbẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ bá ẹni tí ń kọ́lé sí ìlú rẹ̀ wí, nítorí ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n oko tí a ti lo ogún ọdún níbẹ̀, tí a bímọ síbẹ̀, tí a sì darúgbó síbẹ̀, ilé ni òun náà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005 sí í ta àwọn ilé rẹ̀ ní Àbújá fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbé inú wọn, ọ̀pọ̀ ayálégbé ni ó di onílé. Ẹni tí ó ti ń tọ́jú ilé náà láti ọjọ́ tí ó ti jẹ́ ti ìjọba, ilé tí ó dára ni ó rà. Ẹni tí ó sì ti ń sọ pé kì í ṣe tòun, ó fi owó ara rẹ̀ ra àìbìkítà ara rẹ̀.

KÍ NI Ó Ń ṢE PẸPẸ NÁÀ?

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí òpó wà ní àárín rẹ̀, tí a sì gé ẹ̀gbẹ́ kan pẹpẹ wọnú díẹ̀. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ dá dúró, a ní láti ṣí i kí a tó yí pẹpẹ. Èkejì ni èyí tí a gé ìdá mẹ́rin pẹpẹ kan kúrò, tí a sì de ilẹ̀kùn mọ́ pẹpẹ gan-an, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá tì í, ilẹ̀kùn yóò wọlé lọ, yóò sì bá pẹpẹ yí. Ẹ̀kẹta kò ní òpó. Orí pákó tí kò ń yí ni pẹpẹ rẹ̀ jókòó sí, àwo irin pẹlẹbẹ méjì ni ó sì wà láàárín wọn, tí ọmọ irin wẹ́wẹ́ roboto ń yí láàárín àwọn àwo náà. Fífẹ̀ pẹpẹ láti etí dé etí a sábà máa tó ínṣì 28 sí 32.

Bí kò bá yí rárá, kí a má tètè gbé irinṣẹ́. Kí a kọ́kọ́ tan iná wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣíbí, ìdérí ìkòkò tàbí páálí ìṣáná tí ó jábọ́ lè há sí abẹ́ pẹpẹ ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi agbára tì í nígbà náà, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa sùkúrù yọ.

Bí ó bá ń yí ṣùgbọ́n tí ó ń ha nǹkan, ó ti rẹlẹ̀ nìyẹn. Ohun mẹ́ta ni ó lè fà á. Ó lè jẹ́ pé bọ́ọ̀tì tí ó di òpó mú ti dẹ̀, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀pá irin méjì ni òpó náà, tí ọ̀kan wọnú èkejì, tí bọ́ọ̀tì sì mú wọn ró. Ó lè jẹ́ pé bẹ́árìn ìsàlẹ̀ tí òpó jókòó lé ti jẹ tán. Ó sì lè jẹ́ pé omi tí ń jò láti ara páìpù ti mú kí pákó tí ó wà lábẹ́ bẹ́árìn jẹrà.

Bí ó bá jẹ́ pẹpẹ kan ṣoṣo ni ó rẹlẹ̀ nígbà tí èkejì wà ní ipò rẹ̀, sùkúrù kékeré tí ó wà ní ọrùn pẹpẹ náà ni ó tú. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí a wo òkè, nítorí irin tí ó di orí òpó mú ti fẹ́ já kúrò lára pákó. Bí kò bá sì dúró sí ibi tí ó yẹ kí ó dúró, tí ilẹ̀kùn ń kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, èyí jẹ́ àmì pé rọ́bà líle tí ó ń dá a dúró ní ìdí òpó ti jẹ.

BÍ A TI Ń TÚN UN ṢE

Iṣẹ́ ènìyàn méjì ni. Ọ̀kan yóò gbé, èkejì yóò tú. Kí a kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ kúrò, kí a sì gbá a mọ́. Kí a fi ẹfun tàbí pẹ́ńsùlù sàmì sí ara òpó níbi tí ọrùn pẹpẹ kọ̀ọ̀kan wà, kí a sì fi tẹlifóònù ya àwòrán rẹ̀, nítorí ẹni tí ó tú nǹkan láìsàmì, àròyé ni yóò fi tò ó padà.

Lẹ́yìn èyí, kí a fi ègé pákó tì abẹ́ pẹpẹ ìsàlẹ̀ kí ó má baà já lé ènìyàn lọ́wọ́. Kí a wá dẹ bọ́ọ̀tì àárín òpó. Tí ó bá ti dẹ̀, ọ̀pá òkè yóò lè wọnú ti ìsàlẹ̀, òpó náà yóò sì kúrú, a ó sì lè yọ orí rẹ̀ kúrò lára irin òkè. Bí ìpẹtà bá ti mú un, kí a kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, kí a fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Kí a má ṣe fi òòlù lù ú, nítorí ọ̀pá tí ó bá tẹ̀ kò ní í yí dáadáa mọ́.

Kí a fi àkísà tí a rẹ sínú kẹrosíìnì nu gírísì àtijọ́ kúrò lára bẹ́árìn, jìnnà sí iná àti sí oúnjẹ, kí a sì nu ún gbẹ. Bí ó bá jẹ́ ti irin, kí a fi gírísì tuntun díẹ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa sí i. Epo jíjẹ a máa dì, a máa lẹ̀ mọ́ irin, a sì máa pe èèrà àti aáyán wá sí ibi tí a ń kó oúnjẹ sí.

Ihò sùkúrù tí ó ti fẹ̀ ni ó ń yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọn a mú sùkúrù tí ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ, wọn a fi agbára wọ̀ ọ́ mọ́ ọn, pákó a sì là. Ọ̀nà tí ó dára ni kí a ki igi ìṣáná tí a ti ṣá orí rẹ̀ dànù bọ gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, kí a kì í kún inú ihò náà, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì. Kí a gé èyí tí ó yọ síta, kí a fi ohun tí ó tín-ín-rín lu ihò kékeré sí àárín rẹ̀, kí a tó wá dá sùkúrù àtijọ́ padà. Yóò mú un bí ẹni pé pákó tuntun ni.

Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ni ó jẹrà, kí a kọ́kọ́ tún páìpù tí ń jò ṣe. Ẹni tí ó pààrọ̀ pákó tí kò dí omi, àtúnṣe ọdún tí ń bọ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Kí a gé páláìwúúdù tí ó nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì kan, kí a tẹ́ ẹ sí abẹ́ bẹ́árìn, kí ó fẹ̀ tó láti dé ibi tí pákó àtijọ́ ṣì le.

Ohun tí ó gba sùúrù jù ni kí òpó dúró ṣánṣán. Kí a so òkúta kékeré mọ́ okùn, kí a fi okùn náà kọ́ àárín irin òkè, kí òkúta sì sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ibi tí òkúta náà bá tọ́ka sí nígbà tí kò mì mọ́, ibẹ̀ gan-an ni bẹ́árìn ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Òpó tí ó bá wọ́ yóò máa yí fúnra rẹ̀ lọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ní í dúró gedegbe.

Bí pẹpẹ fúnra rẹ̀ bá ti fọ́, a lè gé tuntun. Kí a kan ìṣó kan mọ́ àárín páláìwúúdù, kí a so okùn mọ́ ìṣó àti mọ́ pẹ́ńsùlù, kí a sì fi í yí òbìrí náà. Kí ó má ṣe tóbi ju ti àtijọ́ lọ rárá. Kí a fi sáńpépà họ etí rẹ̀, kí a sì fi ọ̀dà kùn ún yíká, pàápàá jù lọ etí náà, nítorí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé.

Nígbà tí a bá tò ó tán, kí a yí i ní òfìfo ní ìgbà mẹ́wàá kí a tó kó ẹrù sí i. Bí ó bá ha nǹkan níbì kan, kí a gbé òpó sókè díẹ̀, kí a sì mú bọ́ọ̀tì le.

ỌYẸ́ ÀTI ÒJÒ

Àwọn èèyàn wa tí ó wà ní òkè Ọya mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe sí ètè. Ohun kan náà ni ó ń ṣe sí pákó. Igi a máa sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ihò sùkúrù a sì dẹ̀. Nígbà tí òjò bá dé, a tún wú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tún pẹpẹ ṣe nígbà ọyẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí etí rẹ̀ fi ara kan kọ́bọ́ọ̀dù pẹ́kípẹ́kí, nítorí pé nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, yóò há. Kí ó fi àyè ìka ọwọ́ kékeré kan sílẹ̀ yíká. Kí a sì máa yẹ àwọn sùkúrù wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí ọyẹ́ bá ń kásẹ̀ nílẹ̀.

ỌJÀ ÀTI OWÓ

Ó yẹ kí á ro ohun tí a fẹ́ sọ nù dáadáa. Kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ tí a fi ojúlówó pákó tàbí páláìwúúdù kàn, bí ó bá tilẹ̀ dọ̀tí, ó ṣì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun tí ń dán gbinrin, èérún igi tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni ó wà nínú wọn. Bí omi bá kàn án, yóò wú bí búrẹ́dì tí ó bọ́ sínú tíì, kò sì ní í di sùkúrù mú mọ́. Gọ́ọ̀mù, gírísì díẹ̀ àti sùkúrù mélòó kan ni àtúnṣe ń gbà. Owó rẹ̀ kò lè dé ẹsẹ̀ owó kọ́bọ́ọ̀dù tuntun.

Bí ẹ̀yà kan bá ti fọ́ pátápátá, kí a má fi ẹnu lásán lọ sí ọjà. Kí a mú ẹ̀yà àtijọ́ náà dání. Ní Kàdúná, ọjà Panteka kún fún àwọn oníṣẹ́ irin àti igi. Ní Jọ́ọ̀sì, ọjà Katako wà. Ní Àbújá, àwọn onípákó wà ní Deidei. Katako fúnra rẹ̀, pákó ni ó túmọ̀ sí ní èdè Haúsá, ƙusa sì ni ìṣó. Ti káfíńtà kò tilẹ̀ nílò ògbufọ̀, nítorí pé kafinta ni àwọn Haúsá náà ń pè é. Oníṣẹ́ irin tí ó ní ẹ̀rọ ìyírin lè ṣe ìdè òpó tí kò sí lọ́jà mọ́, bí ó bá ti rí èyí tí ó fọ́.

Ẹni tí ilé kì í bá ṣe tirẹ̀, kí ó kọ́kọ́ sọ fún onílé, kí ó sì tọ́jú rìsíìtì ohun tí ó rà. Onílé mìíràn lè yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé. Bí kò bá sì yọ ọ́, ìrọ̀rùn tí ìyàwó ilé yóò rí kì í ṣe ti onílé.

BÍ A TI Ń LÒ Ó

Kí ẹrù wúwo wà lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, kí èyí tí ó fúyẹ́ wà lókè. Kí a pín ẹrù náà yíká, nítorí àpò ìrẹsì tí a gbé lé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo yóò fa òpó tẹ̀. Ìgò gígùn a máa ṣubú bí a bá yí pẹpẹ kíákíá, agolo kúkúrú ni ó yẹ ẹ́. Kí a má ṣe kó kẹrosíìnì tàbí oògùn ẹ̀fọn pọ̀ mọ́ oúnjẹ níbẹ̀. Kí a sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé, pàápàá níbi tí ilẹ̀kùn ti ń bá pẹpẹ yí, nítorí ìka lè há sí ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ àti ọmọ bá jọ tún un ṣe ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyá àwọn ọmọ kò ní láti kúnlẹ̀ mọ́. Yóò dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò fi ìka tì í, èlùbọ́, ẹ̀wà àti iyọ̀ yóò sì máa wá bá a lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó di tọ́ọ̀ṣì mú fún bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ náà yóò ti mọ bí a ti ń dí ihò sùkúrù, yóò sì mọ̀ pé ibi tí ènìyàn ń gbé ni ó yẹ kí ó tún ṣe. Nígbà tí ọjọ́ àtirelé bá sì dé nítòótọ́, wọn kò ní í ti ilẹ̀kùn pa lórí ohun tí ó bàjẹ́. Ẹni tí ó bá wọ ilé náà lẹ́yìn wọn yóò tì í, yóò sì yí.